Korobá Irinṣẹ́ Pàjáwìrì: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Bóòtì Yín Kí Ẹ Tó Ṣíkọ̀

Bí mo bá ti yọ sí èbúté Bayeku tàbí Ijede, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bóòtì máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, irinṣẹ́ wo ni kí n kó sínú ọkọ̀?" Mo ti dáhùn rẹ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Ó yá, mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ní bóòtì fáíbà kan àti ẹ́ńjìnnì kan lẹ́yìn rẹ̀, irú ẹ́ńjìnnì 40 (agbára ẹṣin 40) tó ń mu pẹtiróòlù àti ọ́ìlì pọ̀, tó sì ń kó èrò tàbí ẹrù lórí ọ̀sà wa ní Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pákó wà nísàlẹ̀.

Ìlànà mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ tutù tún ṣe láàárín ìṣẹ́jú 15, nígbà tí omi ń gbé yín síhìn-ín sọ́hùn-ún, irinṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kó. Ìyókù, ti mẹkáníìkì etí omi ni.

Mo jìyà kí n tó gbọ́n. Láàárọ̀ ọyẹ́ ọjọ́ kan, láàárín Ijede sí Badore, àwọ̀n apẹja kan tó ti já wé mọ́ pùròpẹ́là mi, irin ẹ́ńjìnnì tó ń yí lábẹ́ omi. Àpótí irin ńlá kan wà lẹ́sẹ̀ mi, sípánà tó wà nínú rẹ̀ tó 17. Ọ̀bẹ kò sí níbẹ̀. Mo fi eyín fà á, mo fi ẹnu sípánà ya á, àwọ̀n ò gbọ́. Ìyá kan tó ń gbé ẹja lọ sí Ajah ló ṣí agbọ̀n rẹ̀, tó na ọ̀bẹ tó fi ń họ ìpẹ́ ẹja sí mi. Ó ní, "Kápítéènì, gbogbo irin yìí, ẹ ò ní ọ̀bẹ?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà," mo sì dojú bolẹ̀ mo ń gé àwọ̀n.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dá bóòtì dúró níbí

Ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó mọ àìsàn tí ẹ fẹ́ wò. Lórí ọ̀sà wa, àwọn tó wọ́pọ̀ nìyí:

- Ohun tó wé mọ́ pùròpẹ́là: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, okùn, àwọ̀n, koríko orí omi.
- Pẹtiróòlù tí omi tàbí ìdọ̀tí ti wọ̀, tàbí họ́ọ̀sì tó ń fa atẹ́gùn.
- Púlọ́ọ̀gì tó ti dọ̀tí.
- Nọ́ọ̀tì tàbí wáyà tí jìgìjìgì ẹ́ńjìnnì ti tú.
- Omi tó ń wọlé.

Àsìkò náà ní tirẹ̀. Nígbà òjò àti lẹ́yìn rẹ̀, omi dídùn ń ti òkè wá, koríko tó ń yọ òdòdó àlùkò yẹn á bo ọ̀nà, ọ̀bẹ yín ò ní sinmi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun á wọ inú ọ̀sà, koríko á dín kù, ṣùgbọ́n gbogbo irin tí ẹ kò fi gíríìsì pa á dógùn-ún.

Ẹ wá korobá, ẹ fi àpótí irin sílẹ̀

Korobá pẹ́ńtì lítà 20 tó ní ìdérí tó ń há dáadáa ni mo ń lò. Bí ó bá bọ́ sómi, á léfòó, bí ẹ kò bá ti kó irin kún inú rẹ̀ jù. Bí bóòtì bá ń jò, ẹ da irinṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ fi korobá gbọ́n omi. Àpótí irin ò lè ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ọjọ́ tí tèmi bọ́ sómi, ó lọ nìyẹn.

1. Ẹ fọ korobá títí òórùn pẹ́ńtì á fi lọ, kí ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ.
2. Ẹ so okùn mítà 2 mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ so ìdí kejì mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Kí ó jẹ́ ìdè tí ẹ lè fi ọwọ́ kan tú.
3. Ẹ dán ìdérí wò: ẹ dé e ṣófo, ẹ tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi ní èbúté fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ṣí i wo inú. Bí omi bá wọ̀ ọ́, ẹ wá òmíràn.
4. Ẹ fi àkísà tí ẹ ti fi ọ́ìlì díẹ̀ rin tẹ́ ìdí rẹ̀. Orí rẹ̀ ni irin ń sùn.
5. Ẹ di nǹkan wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti púlọ́ọ̀gì lọ́tọ̀, ti pùròpẹ́là lọ́tọ̀, ti pẹtiróòlù lọ́tọ̀.

Ẹ má fi pẹtiróòlù sínú korobá yìí láé, bí ó tilẹ̀ kéré bí omi ìdérí.

Ohun tó ń wọ inú rẹ̀, bí mo ṣe ń tò ó

1. Ohun ìgé. Ọ̀bẹ eléyín kan, irú èyí tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì, nítorí ọ̀bẹ dídán máa ń yọ̀ lórí ọ̀rá tó tutù. Ẹ fi ìdajì irin ayùn tí wọ́n fi ń gé irin kún un, kí ẹ fi téèpù wé ìdí rẹ̀ kó dà bí ọwọ́. Òun ló ń gé ọ̀rá tí ooru ti yọ́ mọ́ ṣáàfùtì, ọ̀pá tó ń yí pùròpẹ́là. Ẹ so ike òfìfo kékeré tí ẹ dé mọ́ ọ̀bẹ náà, kó má baà rì bó bá bọ́ lọ́wọ́ yín.

2. Púlọ́ọ̀gì. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yín, kí ẹ ra irú rẹ̀ gan-an, iye tó bá iye ihò ẹ́ńjìnnì mu. Ẹ má gba "ó jọ ọ́" lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Sípánà púlọ́ọ̀gì tó bá ọ̀pọ̀ wọn mu jẹ́ mílímítà 21. Ẹ fi sí ti yín wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi sáńpépà kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ ti lò tì í. Ìgbà púpọ̀ ni èyí tó dọ̀tí máa ń jí padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tí ẹ nù ún gbẹ.

3. Ọ̀nà pẹtiróòlù. Mítà kan họ́ọ̀sì tó bá tiyín mu, kílíìpù 4, fílítà kékeré 1, ike omi kan tí ẹ lè rí inú rẹ̀. Ike yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń súkè, ẹ bu pẹtiróòlù láti ìsàlẹ̀ táńkì sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, á wálẹ̀ sí ìdí ike, ẹ ó rí ìlà tó pín in sí méjì.

Ẹ fi ẹ̀là ọṣẹ ìfọṣọ líle kan kún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí táńkì pẹtiróòlù bá là díẹ̀, ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ rin ojú ibẹ̀ títí á fi dí, nítorí pẹtiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Yóò gbé yín dé èbúté. Ẹ kàn má fi ọṣẹ dí ara bóòtì tó ń jò o. Omi á fọ̀ ọ́ lọ.

4. Sípánà àti ìbátan rẹ̀. Sípánà mílímítà 10, 12, 14 àti 17 ló ń ṣí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì lára ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, àmọ́ ẹ yí ti yín wò ní etí omi kí ẹ mọ èyí tó kù. Ẹ mú pílásì 1, sukúrúdiráfà olórí méjì 1 àti hámà kékeré 1, kí ẹ fi gíríìsì pa gbogbo wọn. Àpò sípánà olówó ńlá ò pọn dandan, ìdajì rẹ̀ kò ní kan nọ́ọ̀tì kankan lára ọkọ̀ yín.

5. Ti pùròpẹ́là. Nọ́ọ̀tì 1, wáṣà 1, kọ́tápínnì 3 (pínnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú). Ẹ wọn nọ́ọ̀tì náà, kí sípánà rẹ̀ wà níbẹ̀. Kọ́tápínnì tí ẹ bá ti yọ, ẹ má tún dá a padà. Bí kò bá sí, ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ká lẹ́nu lè gbé yín dé ilé. Ọ̀rọ̀ pínnì tó ń gba ìjà fún pùròpẹ́là lára ẹ́ńjìnnì kéékèèké yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ṣe ìyẹn rọ̀ ní, kó lè ṣẹ́ kí gíà má baà ṣẹ́. Ẹ má fi ìṣó líle rọ́pò rẹ̀. Ẹ ra pínnì gidi 3.

6. Okùn ìfà. Okùn tó lágbára, mítà kan ààbọ̀, ẹ ta kókó sí ìdí kan, kí ẹ so igi kékeré mọ́ ìdí kejì. Bí okùn tí ẹ fi ń fa ẹ́ńjìnnì bá já, ẹ ṣí ìdérí òkè, ẹ fi kókó há ojú ihò tó wà lára àgbá tó ń yí, ẹ wé e, kí ẹ fà á. Kí gèlè, apá aṣọ àti ọmọdé jìnnà síbẹ̀, nítorí àgbá náà á máa yí ní gbangba.

7. Ohun ìdíhò. Èdídì ìdí bóòtì kan ní àfikún (èyí tó ń dí ihò tí a fi ń da omi inú bóòtì nù), èdídì igi 3 tí ẹnu wọn rí ṣóńṣó, tí títóbi wọn yàtọ̀ síra, àti ẹsẹ̀ sílípáàsì rọ́bà kan. Sílípáàsì yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú korobá. Ẹ gé e ní ìrísí ihò, kí ó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, ẹ fún un pọ̀, ẹ tì í wọlé. Á wú padà á sì dí i. Ẹ fi gọ́ọ̀mù oníméjì tí wọ́n kọ sí i pé ó ń le nínú omi kún un. Ẹ po ó títí àwọ̀ rẹ̀ á fi di ẹyọ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ẹ má ṣí ọwọ́ kúrò títí á fi mú.

8. Ohun ìdè. Ẹ lọ bá fọkanáísà, ẹ tọrọ tíúbù tó ti bàjẹ́, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka méjì ní fífẹ̀, mítà kan mítà kan. Ẹ fà á kó nà, kí ẹ máa wé e lérí ara wọn. Á mú họ́ọ̀sì tó là, á mú àjẹ̀ tó ṣẹ́, á mú ìdérí ẹ́ńjìnnì tí ìhá rẹ̀ ti fò. Fún èyí tó kan pẹtiróòlù, ti wákàtí kan ni o, nítorí pẹtiróòlù ń jẹ rọ́bà yìí. Wáyà tó ṣeé tẹ̀ mítà 2 àti téèpù dúdú á parí rẹ̀.

9. Iná àti ohùn. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣiṣẹ́. Yọ bátìrì rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá. Fèrè kan. Fóònù kékeré tó gba agbára, nínú ọ̀rá tó ń dí ẹnu.

Ohun tó wà nínú bóòtì ṣùgbọ́n tí kò sí nínú korobá

- Ìdákọ̀ró àti okùn rẹ̀
- Àjẹ̀ 2, ọ̀pá gígùn 1
- Láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn tó wà nínú ọkọ̀
- Ohun ìpaná
- Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ gé lórí fún gbígbọ́n omi
- Omi mímu

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú omi

Ẹ má tíì fọwọ́ kan korobá.

1. Ẹ ju ìdákọ̀ró. Ìgbà tí ẹ bá dojú kọ ẹ́ńjìnnì ni atẹ́gùn ń gbé yín lọ sí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá tàbí sáàárín òpó àwọn apẹja. Okùn tí ẹ máa tú, kó tó ìlọ́po 5 jíjìn omi: omi mítà 4, okùn mítà 20.
2. Ẹ bá èrò sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, kí oníkálùkù de láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kó jókòó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu sìgá.
3. Ẹ wo ohun ọ̀fẹ́ mẹ́ta. Ṣé okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì kò tíì já kúrò? Ṣé gíà wà ní àárín? Ṣé ẹ ti tú ìmí orí ìdérí táńkì? Ẹ̀kẹta yìí ti dójú ti àgbà kápítéènì. Ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ dáadáa kúrò ní èbúté, á kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, torí táńkì ò rí atẹ́gùn fà.
4. Ẹ fi ọwọ́ fún rọ́bà roboto tó wà lára họ́ọ̀sì pẹtiróòlù. Bí ó bá le lọ́wọ́, pẹtiróòlù ti dé. Bí ó bá rọ̀ títí láìle, atẹ́gùn ń wọlé níbì kan tàbí táńkì ti gbẹ. Bí ó bá tẹ̀ pẹlẹbẹ tí kò wú padà, nǹkan ló dí i látẹ̀yìn: ìmí táńkì tàbí ìdọ̀tí.
5. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ẹ wo pùròpẹ́là. Kí ẹ tó nawọ́ sí i, ẹ yọ okùn pupa, kí ẹ sì yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì. Ìka kì í hù. Kí èrò bíi mélòó kan rọra sún síwájú kí ìdí ọkọ̀ lè gòkè, kí wọ́n má dìde dúró. Ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, torí nọ́ọ̀tì tó bá bọ́ sínú ọ̀sà ti di ti ẹja.
6. Púlọ́ọ̀gì ló kàn. Ẹ nu pẹtiróòlù tó bá ta sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbé òórùn rẹ̀ lọ kí ẹ tó dán iná rẹ̀ wò. Bí ó bá rin fún ọ́ìlì, ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
7. Ìṣẹ́jú 15 ti pé? Ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112, ẹ fun fèrè, ẹ ju aṣọ sókè sí bóòtì tó ń kọjá. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà pẹ̀lú ohun tí ojú ń rí: "A ń wo ilé iṣẹ́ iná Egbin lápá ọ̀tún, Ijede wà lẹ́yìn wa."

Bí omi tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì bá dáwọ́ dúró, ti ìyẹn yàtọ̀: ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń dún dáadáa. Ẹ yọ ọ̀rá tó bo ẹnu ibi tó ti ń fa omi, kí ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò tí omi ń gbà jáde. Bí kò bá tú síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìmpẹ́là, rọ́bà tó ń fa omi sínú ẹ́ńjìnnì kó lè tutù, ló bàjẹ́. Ẹ má tú u lórí omi. Àjẹ̀ ni kí ẹ mú.

Bí omi bá ń wọlé, kí ẹ tó máa wá ihò, ẹ wo èdídì ìdí bóòtì. Àwọn kan ti gbọ́n omi títí ọwọ́ fi bó, èdídì sì wà lápò ọmọ iṣẹ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ihò lóòótọ́, ẹ sún èrò sí òdìkejì kí ibi tó ya lè gòkè omi, kí ẹni kan máa gbọ́n omi, kí ẹni kan máa dí i.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí

- Púlọ́ọ̀gì àyálò. Ẹni kan wá yá a ní èbúté, kò dá a padà, ẹ ò rántí.
- Ọ́ìlì àpọ̀jù "kí ẹ́ńjìnnì lè pẹ́." Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá ní 50 sí 1, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ń gba mílílítà 500. Ohun tí ẹ bá fi lé e, èéfín àti púlọ́ọ̀gì tó rin ni ẹ ó fi gbà.
- Gọ́ọ̀mù tó ti gan nínú ọ̀rá rẹ̀ láti èṣí.
- Korobá tí wọ́n kó ẹrù èrò lé lórí. Pàjáwìrì ò ní dúró kí ẹ kó àpò gààrí kúrò.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti pákó

Ẹ yọ gọ́ọ̀mù kúrò, ẹ fi òwú, ọ̀dà díẹ̀ nínú agolo, ìṣó kúkúrú àti agolo mílíìkì tí ẹ ti tẹ́ pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀. Bí ojú ìpàdé pákó bá ṣí, ẹ fi sukúrúdiráfà ti òwú tí ẹ fi ọ̀dà rin wọlé. Bí pákó bá fọ́, ẹ fi gíríìsì pa ègé tíúbù kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ẹ gbé agolo pẹlẹbẹ lé e, kí ẹ kan ìṣó yí etí rẹ̀ ká súnmọ́súnmọ́. Kí ìṣó má gùn ju pákó lọ, kí ẹ má baà fi àtúnṣe dá ihò mìíràn.

Ìyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀

Mo máa ń ṣe é ní àárọ̀ Sunday, kí èrò tó dé:

- Ọ̀bẹ wà níbẹ̀, ó mú
- Púlọ́ọ̀gì pé
- Tọ́ọ̀ṣì tàn
- Kọ́tápínnì kò dín ní 3
- Gọ́ọ̀mù rọ̀ síbẹ̀
- Irin kò dógùn-ún, gíríìsì wà lára rẹ̀
- Okùn ìdákọ̀ró kò tíì jẹrà

Lẹ́yìn náà, mo máa ń di ojú ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní kó mú sípánà púlọ́ọ̀gì jáde fún mi. Òkùnkùn lè bá èèyàn lójú omi láìròtẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọṣẹ ìfọṣọ ló gbé lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kí n tó sọ̀rọ̀ tán, sípánà ti wà níwájú mi, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.